Fáníìṣì Ọjọ́ Òjò

Gbogbo wọn ti funfun.

Jagunjagun méjìlá, egbére mẹ́fà, òmìrán méjì, àti ọba kan tó gun ejò abìyẹ́. Ère mọ́kànlélógún, èyí tó ga jù nínú wọn kò ju ìka àárín lọ. Ní aago mẹ́sàn-án, pupa wà lára wọn, àwọ̀ ewé wà, wúrà wà. Ní aago mẹ́wàá, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan gbọn ìyẹ̀fun lé wọn lórí.

Baba Elére mú òmìrán kan, ó fi ìka nù ún léjìká. Funfun náà kò kúrò. Ó fi etí aṣọ nù ún. Kò kúrò. Ó fẹnu fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná tó ti kú. Ó dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá gbójú sókè.

Ojú ọ̀run ti ṣú. Ògiri ẹ̀yìnkùlé ń làágùn. Òjò kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú afẹ́fẹ́, ibi tí yóò jókòó sí ló ń wá. Ara fáníìṣì tútù tó fín bo ọ̀dà wọn ló rí.

Ó mọ̀. Kó tó gbọn agolo fáníìṣì náà ló ti mọ̀.

"Bàbá wa!" Ìyàwó rẹ̀ pè é láti ilé ìdáná. "Ṣé ẹ ti ṣe tán? Aago mẹ́rin lobìnrin yẹn ní òun ń bọ̀ o."

"Mo ti ṣe tán."

"Ẹ wá jẹun nígbà yẹn."

"Ebi ò pa mí."

Ìyẹn ló mú ìyàwó rẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún márùndínlógójì ló fi wo ojú ọgbẹ́ láì pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ wo orí tábìlì, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Fáníìṣì ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń gbógun ti àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fín fáníìṣì lọ́jọ́ òjò?"

"Èmi ni."

"Aṣọ tí mo sá láti àná ò tíì gbẹ. Iwájú yín náà ló wà yìí. Ẹ ò wo ìyẹn?"

"Ìyá wa, mo ti gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí okùn. Ó ká aṣọ rẹ̀ tútùtútù lórí okùn, ó wọlé.

Ogójì ọdún ni Baba Elére fi kọ lẹ́tà sára ọkọ̀ àti sórí pátákó ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó jókòó sílé fún ọdún kan, ó ń wo ògiri. Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta eré orí tábìlì, irú èyí tí àgbàlagbà fi ń to ọmọ ogun kéékèèké dojú kọ ara wọn, tí egbére ń bá òmìrán jà, tí dáìsì ń sọ ẹni tó kú. Ó rí jagunjagun kan lójú fèrèsé. Ó wọlé lọ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó kun èyí kò mọ búrọ́ọ̀ṣì í dì mú.

Obìnrin ni oníṣọ́ọ̀bù, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà náà, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó gbé ère kan tí wọn kò tíì kùn lé e lọ́wọ́. "Ẹ kun tiyín ká rí i, Bàbá. Ẹnu kì í kun nǹkan."

Ọdún kẹsàn-án nìyẹn. Ní báyìí, àwọn èèyàn ń wá a láti ìlú mìíràn. Ó ti kọ ìṣísẹ̀ mẹ́jọ tí èèyàn fi ń kun ère sílẹ̀ lórí ìwé méjì. Oníṣọ́ọ̀bù ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ń fi píìnì mú un pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ra ère lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í gba ọ̀kan. Ìṣísẹ̀ kẹjọ ló kúrú jù: *Wo ojú ọ̀run kí o tó fọwọ́ kan agolo. Bí aṣọ kò bá gbẹ lórí okùn, fáníìṣì kò ní gbẹ lára ère. Dúró.*

Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò dúró? Ó ti dá ọjọ́ fún obìnrin tó ń bọ̀ láago mẹ́rin ni. Láti ọdún mẹ́sàn-án ló sì ti ń dá ọjọ́ fúnni, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Ohun tí ó fi ń yangàn ló tì í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lobìnrin náà gbé wọn wá nínú páálí bàtà, ó fi tíṣù wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyin. Ọkọ rẹ̀ ló kùn wọ́n. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Ibi tó bá ti páàkì láti sinmi, yóò gbé pákó pẹlẹbẹ lé orí sítíárì, yóò máa kun ère. Ó kun ogún. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó kú kó tó dé orí ọba. Kò sì tíì fín fáníìṣì sí ìkankan.

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe eré yìí fẹ́ tún tò wọ́n sórí tábìlì," obìnrin náà wí lọ́jọ́ yẹn. "Ọmọbìnrin wa ló máa jókòó sípò bàbá rẹ̀. Ẹ bá wa kun ọba, Bàbá. Kẹ́ ẹ sì bá wa fi nǹkan bo gbogbo wọn kí ọwọ́ èèyàn má bàa bó wọn."

Nígbà tó lọ tán, Baba Elére fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo àwọn egbére náà. Ojú egbére kò tó orí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó ń wò. Ọ̀kan ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀kan fẹ́ sá. Ìkẹrin ń wo ẹni tó dì í mú gan-an, bí ẹni pé ó ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ.

"Ọwọ́ rere," ó wí. Kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kun ọba. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú bò ó. Ó fi omi po ọ̀dà pupa, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, dípò ẹ̀ẹ̀kan nípọn. Ó da omi ọ̀dà dúdú lé e, kí ó ṣàn wọ inú ìṣẹ́po aṣọ, kó di òjìji. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fọwọ́ ba ìpẹ́ ejò náà, kí orí ìpẹ́ nìkan mú àwọ̀. Ó gbé ìmọ́lẹ̀ sí etí idà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ó di èémí mú, ó fi ojú sí i. Ìṣísẹ̀ méje pé. Ìkẹjọ ló wá bà jẹ́, kì í ṣe fún ọba nìkan.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, òjò ti rọ̀, ó ti dá. Baba Elére ti kọ́ gbólóhùn kan sórí: *Ìyá, mo ṣe àṣìṣe.* Ó ti wí i lẹ́ẹ̀mẹta níwájú dígí ilé ìwẹ̀. Ó sì mọ ìwòsàn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí èèyàn bá dúró de ọjọ́ tí ara ilé gbẹ, tó sì fín fáníìṣì dídán sí wọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà funfun náà a yọ́ lọ, àwọ̀ a padà wá. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni yóò tọrọ.

Obìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀ tó tutù sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Gbogbo ibi iṣẹ́ ni mo sọ fún pé òní ni mò ń lọ mú ọba."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní pẹ́. Ẹ ò mọ bí ọkọ mi ṣe ń pe orúkọ yín. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Baba Elére ṣi búrọ́ọ̀ṣì gbé rí, kí n bá òun sọ fún un pé irọ́ ló ń pa."

Ó rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn tí Baba Elére kọ́ sórí sá wọlé bí òròmọdìẹ tó rí àṣá.

Ó ṣí páálí náà. Obìnrin náà wo inú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n rí báyìí?"

"Ọ̀dà tí ọkọ yín lò ni."

Baba Elére gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohùn ọ̀gá ni. Kò gbọ̀n rárá.

"Ọ̀dà burúkú ni," ó tún wí. "Bí fáníìṣì ṣe kàn án ló di funfun."

"Ọba ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kun ọba."

"Inú páálí kan náà ni wọ́n wà." Ó ti páálí náà síwájú díẹ̀. "Ó ràn án."

Nínú ilé ìdáná, ẹnì kan gbé ìkòkò kalẹ̀.

Obìnrin náà mú òmìrán kan, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá ti rí ohun tó dínwó, kò ní lè kọjá. Mo sọ, mo sọ. Ó ti wá fi ọ̀dà burúkú ba iṣẹ́ yín jẹ́ fún yín." Ó kúnlẹ̀, orúnkún kan. "Ẹ bá mi dárí jì í."

Ibẹ̀ ni ì bá ti sọ ọ́. Bí ó bá sọ ọ́ níbẹ̀, ì bá tì í lójú fún ọjọ́ kan.

"Kò burú," Baba Elére wí. "Ẹ dìde."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dárí ji òkú.

Obìnrin náà gbé páálí rẹ̀ lọ. Baba Elére kò lè sọ fún un pé kó fi sílẹ̀, pé ó ṣeé tún ṣe. Ohun tó máa wò ó sàn ni yóò sọ ohun tó pa á. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí obìnrin náà fi yà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́.

"Ó ràn án," ìyàwó rẹ̀ wí.

Baba Elére pa ilẹ̀kùn dé.

"Èèyí ràn, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbóná ràn. Ọdún márùndínlógójì, mi ò tíì gba ọ̀dà sí wọ́ọ̀dù rí." Ó fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ ògiri. Kò rẹ́rìn-ín. "Òkú ò lẹ́nu, Bàbá wa."

Ó tán. Láti ọjọ́ Túsìdé náà títí di Sátidé, "ẹ káàárọ̀", "ẹ káàbọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ni ìyàwó rẹ̀ ń bá a sọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, Baba Elére lọ kọ́ àwọn èèyàn ní ère kíkùn ní ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n: akọ̀wé báńkì kan, olùkọ́ méjì, tọkọtìyàwó kan tó jẹ́ pé ìyàwó nìkan ló ń kun nǹkan, àti onígbàjámọ̀ kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lórí òun. Ó mú wọn láti orí ọṣẹ dé orí ojú. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì. Nígbà tó dé orí ìkẹjọ, ó ka ohun tó wà nínú ìwé, ó sì pa ìwé dé. Tẹ́lẹ̀, ìdajì wákàtí ló máa ń fi sọ ọ́.

Onígbàjámọ̀ nawọ́ sókè. "Bàbá, tí èèyàn bá wá ṣèèṣì fín in lọ́jọ́ òjò ńkọ́? Ṣé ká lọ gbẹ́ kòtò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Kò kú," Baba Elére wí. "Dúró di ọjọ́ tó gbẹ. Fáníìṣì dídán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́."

"Ìyẹn ti rọrùn jù. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé fáníìṣì ló fà á? Ó lè jẹ́ ọ̀dà ló burú."

"Kì í ṣe ọ̀dà."

"Rárá?"

"Mo ní kì í ṣe ọ̀dà!"

Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n nàbọn sí. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Orí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n fá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, oníṣọ́ọ̀bù pè é wá sẹ́yìn káńtà. Ó gbé àpò kan sórí rẹ̀.

"Ẹ wá wo ọ̀ràn, Bàbá. Ọmọ awakọ̀ akẹ́rù tó kú yẹn ló gbé eléyìí wá lánàá. Ọ̀dà bàbá rẹ̀. Ó ní kí n bá òun dà á nù, kó má bàa tún ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́. Ó ní eré tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀, wọn ò ṣe é mọ́. Ó ní òun náà ò kun nǹkan mọ́. Ọmọ yẹn! Ẹ̀yìn ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn ló ti máa ń bá bàbá rẹ̀ jà lórí búrọ́ọ̀ṣì."

Baba Elére kò fọwọ́ kan àpò náà.

Oníṣọ́ọ̀bù mú ìgò kékeré kan jáde, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. "Àmì ta nìyí? Àmì mi ni. Ọ̀dà kan náà tí mo ń tà fún ẹ̀yin gan-an ni, Bàbá, nínú páálí kan náà. Mo bi ọmọ náà pé ta ló ní ọ̀dà mi burú, ó ní ìyá òun ni. Ta ló wá sọ fún ìyá rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni mò ń wá."

"Mi ò mọ̀," Baba Elére wí.

Irọ́ rẹ̀ di mẹ́ta.

"Gbé e wá," ó wí. "Èmi á bá ọ dà á nù."

Kò dà á nù. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ jáde, ó tú àpò náà sórí tábìlì ẹ̀yìnkùlé. Ìgò ọ̀dà mẹ́tàlá. Búrọ́ọ̀ṣì méjì, tí wọ́n fọ̀ dáadáa, tí wọ́n fi ọ̀rá wé orí wọn kí irun má bàa yà. Àti ìwé méjì tí píìnì mú pọ̀, tí epo ọkọ̀ ti ta sí.

Ìwé òun fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni awakọ̀ náà ti fi bírò kọ nǹkan sí, lẹ́tà ńlá, bí ẹni tí kì í kọ̀wé púpọ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkíní: *Mo fo ọṣẹ. Ọ̀dà bó. Baba Elére tọ̀nà.*

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta: *Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á sí ìyàwó mi létí, ó ní ṣé ọbẹ̀ òun ni mò ń bá wí.*

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkeje: *Ojú. Mo di èémí mú títí òòyì fi kọ́ mi. Ọmọ mi ló kun ti egbére kẹrin. Ó ju tèmi lọ. Mi ò tíì sọ fún un.*

Baba Elére bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹjọ, ìwé náà kún. *Òjò. Mo dúró.* Lábẹ́ rẹ̀: *Ìkùukùu. Mo dúró.* Lábẹ́ rẹ̀: *Aṣọ ò gbẹ. Mo dúró.* Ó tò wọ́n wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, oṣù méjì gbáko, láti ibi ìsinmi kan dé èkejì. Èyí tó kẹ́yìn ló gùn jù: *Ọmọ mi bi mí pé ṣé Baba Elére náà máa ń dúró tó báyìí. Mo ní ọ̀gá ni. Ó ń dúró jù wá lọ.*

Kò sí nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ìtìjú tó bá èèyàn níwájú ẹlòmíràn, ìyẹn mọ níba. Èèyàn lè wo ilẹ̀. Òun nìkan ló wà ní ẹ̀yìnkùlé yìí, kò sì mọ ibi tí yóò gbójú sí. Ọkùnrin tí kò rí rí ti dúró nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Òun ló wá fẹnu ara rẹ̀ pè é ní ẹni tí kò mọ ọ̀dà.

Ó kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, búrọ́ọ̀ṣì àti ìwé náà padà sínú àpò. Ó fi agolo fáníìṣì dídán kan kún un. Ó wọ bàtà.

Ẹnu géètì ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀.

"Níbo nìyẹn?"

"Ilé awakọ̀."

Obìnrin náà wo àpò, ó wo ojú rẹ̀. Ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ ò tíì jẹun."

"Tí mo bá dé."

"Màá gbé e sórí iná," ó wí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìyá ọmọ náà ń gbé, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún. Baba Elére kà wọ́n nítorí kò fẹ́ ro nǹkan mìíràn. Aṣọ ni obìnrin náà ń lọ̀ nígbà tó wọlé. Páálí bàtà náà wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti to ìwé ìròyìn lé e.

"Háà, Bàbá! Ẹ wọlé. Ṣé kò sí o? Ẹ jókòó."

Kò jókòó.

"Ọ̀dà ọkọ yín kò burú," ó wí. "Ọ̀dà kan náà ni èmi fi ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fín fáníìṣì lọ́jọ́ òjò. Mo mọ̀ pé kò yẹ, mo sì fín in. Mo wá purọ́ mọ́ ọn."

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìdí rẹ̀.

"Mo kúnlẹ̀ fún yín."

"Lóòótọ́ lẹ kúnlẹ̀."

"Mo ní kẹ́ ẹ dárí jì í. Ẹ ní kò burú."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ dárí ji ọkọ mi." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń wo ọjà tí wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ. "Ẹ dárí jì í, Bàbá. Ẹ̀yin."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo gbé e dé ilé, èmi ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ọmọ. Ó sunkún débi pé kò jẹun. Èyí, mi ò ní bá yín gbé e. Ẹrù yín ni. Ọmọ náà yóò dé láìpẹ́."

Baba Elére jókòó. Ó gbé àpò lé orúnkún. Obìnrin náà mú áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ń bá aṣọ lọ. Kò bu omi fún àlejò rẹ̀. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó ká a. Ó lọ òmíràn. Ọkùnrin náà ń wo ìka ara rẹ̀, ìka tí wọ́n ń wá wò láti ìlú mìíràn.

Ọmọ náà dé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká kan. Ó rí àlejò, ó kúnlẹ̀ kí i. Bí ó ti ń dìde, àgbàlagbà náà dìde pẹ̀lú.

"Má kí mi," ó wí. "Kọ́kọ́ gbọ́ mi ná."

Ó sọ ọ́. Kò gùn. Ó sọ ti òjò, ó sọ ti irọ́, ó sọ pé ọ̀dà bàbá rẹ̀ ló wà nínú àpò yìí, pé kò sí ohun tó ṣe é. Ìyá dẹ́kun aṣọ lílọ̀.

"Ẹ̀yin?" ọmọ náà bi í.

"Èmi."

"Bàbá mi dúró oṣù méjì."

"Mo kà á."

"Mo bi í pé ṣé ẹ̀yin náà máa ń dúró."

"Mo kà á. Ó ní mò ń dúró jù yín lọ."

"Ẹ ò dúró."

"N kò dúró."

Ọmọ náà yí ojú sí ògiri. Nígbà tó yí i padà, kò sí omijé níbẹ̀, èyí tí ìbá tu Baba Elére lára díẹ̀. Ó gbé ìwé ìròyìn kúrò, ó gbé páálí bàtà náà kalẹ̀. Ó wá inú rẹ̀ títí ó fi rí egbére kẹrin, ó gbé e síwájú ojú. Ojú egbére náà ti di funfun, kò wo ibì kankan mọ́.

"Ìwọ lo kun ojú ìyẹn," Baba Elére wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun ni. Ó wà nínú ìwé rẹ̀. Ó ní ó ju ti òun lọ."

Ọmọ náà fi àtàǹpàkò bo orí egbére náà, bí ẹni tó ń bo ọmọ lójú kúrò nínú oòrùn.

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà." Ó mú agolo náà jáde. "Oòrùn ti yọ. Bí mo bá fín in báyìí, kó tó di Sátidé..."

Ọmọ náà gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀. Kò já a gbà; ó kàn gbà á ni. Ó jáde sí bákónì, níbi tí ìyá rẹ̀ sá aṣọ sí. Ó lọ tààrà síbi ṣòkòtò kan tó nípọn, ó fi ìka méjì mú etí rẹ̀, ó fọwọ́ ra á.

"Ó ṣì tutù lábẹ́," ó wí.

"Òótọ́ ni."

"A óò dúró. Èmi ni màá fín in. Ẹ̀yin ẹ wá dúró síbí, kẹ́ ẹ máa wò mí."

Nínú ilé, ìyá rẹ̀ sọ pé, "Ọmọ yìí, àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n ó rọra sọ ọ́, kò sì tún un sọ.

"Màá wá," Baba Elére wí. Ó káwọ́ sẹ́yìn. "Aago mélòó lọ́la?"

Ọmọ náà wo ojú ọ̀run.

"Nígbà tí aṣọ bá gbẹ."